Orí Keje: Ìgbálẹ̀ Òjò Dídì

Olùṣọ́ ní òun kò mọ̀.

Èyí gan-an ló da ọkàn àwọn ará Àríwá-Odò rú ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kì í ṣe òtútù. Òtútù ti wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Omi inú kòtò ojú títì ń dì gbagidi lóru, àwọn ọmọdé ń yọ̀ lórí rẹ̀ ní òwúrọ̀, àwọn ìyá wọn sì ń pè wọ́n wọlé títí ohùn fi há. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti kan Olùṣọ́, ẹ̀rọ tó ń sọ ojú ọjọ́, mọ́ ògiri gbogbo ilé, kò sí àárọ̀ kan tí kì í sọ bí ọjọ́ yóò ṣe rí, tí kì í sì í rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ní òjò ń bọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, ẹ óò jẹun tán ni, ẹ óò kàn nawọ́ mú agboòrùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dákẹ́ díẹ̀ bí àgbàlagbà tí wọ́n bi ní ọ̀rọ̀ ìdílé, ó wá ní òjò dídì lè bọ́ lónìí, ó sì lè má bọ́. Ó ní kí àwọn Awòjú-ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí òfin mọ̀ wá sí Gbọ̀ngàn Ìlú kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ìbíwùmí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà. Níwájú dígí ló wà, ó ń wé gèlè, nígbà tó gbọ́. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ìdajì gèlè lọ́wọ́. Ọjọ́ tí òjò dídì bọ́ kẹ́yìn ní ìlú yìí, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló wà, ó ń sùn. Gbogbo ayé rẹ̀ ló ti fi ń gbọ́ ìtàn ohun tó bọ́ sórí òun gan-an, tí òun kò rí. Ẹni tó bá ti jìyà irú ìyẹn rí ló lè mọ ìdí tí obìnrin tó tó obìnrin fi lè máa wo ìkùukùu bí ẹni ń wo ọ̀nà àlejò.

Bó ṣe jáde, Ìyá Dérìn, aládùúgbò rẹ̀, ti dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ aṣọ tútù. Wọ́n kí ara wọn tán. Ìyá Dérìn wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, ṣé kí n sá a?"

Ìbíwùmí wo aṣọ, ó wo ọ̀run. "Aṣọ yín ni, mà," ló fi dáhùn. "Ọjọ́ tó bá wù yín lẹ lè sá a."

Ìyá Dérìn mi orí bí ẹni tó ti gba èsì, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà wọlé. Òfin Ẹnu kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún aládùúgbò bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, àfi Olùṣọ́. Wọ́n ṣe òfin náà lẹ́yìn ọdún tí àgbọ́sọ ìjì kan lé ìdajì ìlú jáde sí títì, tí àwọn èèyàn tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, tí ìjì náà kò sì wá. Láti ìgbà náà ni ará Àríwá-Odò ti mọ bí a ṣe ń gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ.

Ibì kan ṣoṣo ni a ti lè jiyàn nípa ojú ọjọ́ láìsí pé ọlọ́pàá bá ni sọ̀rọ̀: yàrá Bàbá Ṣódípẹ̀, lókè ilé tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn títì. Níbẹ̀ ni Ẹgbẹ́ Olólùfẹ́ Ojú Ọjọ́ ti máa ń pàdé. Yàrá náà móoru, òórùn búrẹ́dì kún inú rẹ̀, igun rẹ̀ kan sì kún fún ìgbálẹ̀ onígi gígùn, irú èyí tí àwọn ará àtijọ́ fi ń gbá òjò dídì kúrò lórí òrùlé. Nígbà tí òjò dídì dáwọ́ dúró, tí àwọn èèyàn ń ju ìgbálẹ̀ wọn sí ààtàn, Bàbá Ṣódípẹ̀ kò lè rí i kó dákẹ́. Ó ń ṣà wọ́n kiri bí ẹni ń ṣa ọmọ tó sọnù. Ìyàwó rẹ̀, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ti fi wọ́n ṣẹ̀sín títí tó fi kú.

Nígbà tí Ìbíwùmí dé ibẹ̀, iyàn ti gbóná. Ọ̀sẹ̀ náà látòkèdélẹ̀ ni wọ́n ti ń jà á. Àwọn kan ní afẹ́fẹ́ tó ń bọ̀ láti òkun lọ́ wọ́ọ́rọ́ jù, òjò lásán ni yóò mú wá. Àwọn kan ní òtútù ti wọlẹ̀ jìnnà, kò ní gbà kí òjò dé ilẹ̀ ní omi. Ẹnìkan tilẹ̀ fi ọmọlúwàbí rẹ̀ búra pé ológbò òun ti kọ̀yìn sí fèrèsé. Bí àwọn olólùfẹ́ òjò dídì ṣe rí nìyẹn. Bí ìyẹ̀fun bá fò jáde láti ilé búrẹ́dì ìsàlẹ̀, wọn á ní ó ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí èyí ni bàbá Ìbíwùmí, tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, fi ṣe òfin kan tí wọ́n ń pè ní Ìfẹ́ Ṣáájú Ìríran. Kí o tó sọ ohun tí o rí lójú ọ̀run, wàá kọ́kọ́ sọ ohun tí ò ń fẹ́, kí àwọn tó ń gbọ́ lè yọ ìfẹ́ rẹ kúrò nínú ọ̀rọ̀ rẹ, bí a ṣe ń yọ ìwúwo igbá kúrò lára gààrí. Ó ti kú, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí òfin náà kú. Bàbá Ṣódípẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, ló ń ṣọ́ ọ. Ó ti lé èèyàn síta rí nítorí rẹ̀.

Olúgbuyì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òun ló kéré jù nínú àwọn Awòjú-ọjọ́ mẹ́ta, iṣẹ́ àtúnṣe òrùlé ló sì ń ṣe. Ó ní òun kò fẹ́ kí òjò dídì bọ́ rárá, nítorí ìyá tó bí ìyá òun wà ní Ilé-Àgbà. Ó ní ohun tí òun sì rí ni pé yóò bọ́.

Ilé-Àgbà ni àdúgbò tí àwọn arúgbó ń gbé, kò sì sí ẹni tó wà nínú yàrá náà tí kò ní ènìyàn níbẹ̀. Ìyá Ìbíwùmí náà wà níbẹ̀. Gíláàsì ni gbogbo òrùlé wọn, irú gíláàsì tó ń jẹ ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run tó sì ń mú ilé gbóná. Òrùlé náà gbọ́n, ọgbọ́n rẹ̀ sì ni ìṣòro rẹ̀. Bí ohun kan bá bò ó ju ìdajì lọ, yóò rò pé òun ti bàjẹ́, yóò sì pa ara rẹ̀. Wọ́n ní ó sùn nìyẹn. Bó bá ti sùn, ó di ọjọ́ mélòó kan kó tó jí. Ní ọdún tí eérú igbó tó ń jó bo ìlú, àwọn òrùlé sùn nínú òtútù, wọ́n sì sin arúgbó púpọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti gbé ìbọn àwọsánmà sórí òkè. Bí òjò dídì bá fẹ́ bọ́, wọn á yìn ín sí inú ìkùukùu, ìkùukùu á gbóná, òjò lásán ni yóò sì dé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn náà kò gbọdọ̀ ró bí ọ̀rọ̀ kò bá dá Olùṣọ́ lójú, àfi bí méjì nínú àwọn Awòjú-ọjọ́ mẹ́ta bá ní yóò bọ́.

"Kí ni aṣọ Bàbá yín wí, Àǹtí?" ni Olúgbuyì bi Ìbíwùmí.

Òṣùwọ̀n òtútù méjì ni bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀, lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀. Ọ̀kan wà ní ìhòòhò, èkejì wọ aṣọ: ìrépé aṣọ kan tó tinú ife omi kékeré jáde. Oníhòòhò ń sọ bí òtútù ṣe pọ̀ tó báyìí. Aláṣọ ń sọ bí yóò ṣe pọ̀ tó bí òjò bá rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wẹ̀ jáde nínú ọyẹ́ ṣe ń gbọ̀n ju ẹni tí kò wẹ̀ lọ. Ìbíwùmí ti yẹ̀ wọ́n wò lánàá nígbà tó gbé ọbẹ̀ lọ fún ìyá rẹ̀. Ó ní nǹkan kan náà ni àwọn méjèèjì ń sọ, kò sí ìyàtọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá yìnbọn, tí òjò dídì bá di òjò, òjò náà ni yóò jẹ́ dópin. Wọn kò ní rí nǹkan kan.

Gbogbo yàrá yíjú sí Bàbá Ṣódípẹ̀, Awòjú-ọjọ́ kẹta. Ó ń wo igun tí àwọn ìgbálẹ̀ rẹ̀ wà.

"Kò ní bọ́," ló wí. "Òjò lásán ni."

Wọ́n dúró kó sọ ìyókù. Kò sọ ọ́. Ìbíwùmí fi ọ̀wọ̀ rán an létí pé kò tíì sọ ohun tó ń fẹ́. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni kò mọ ohun tí òun ń fẹ́ ní ìlú yìí. Àwọn èèyàn bá a rẹ́rìn-ín. Ìbíwùmí kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé bàbá náà ti rí i kedere bí òun àti Olúgbuyì ṣe rí i. Irọ́ ló pa, ìtìjú kò sì jẹ́ kó pa á tán.

Bàbá Ṣódípẹ̀ dá Ìbíwùmí dúró lórí àtẹ̀gùn nígbà tí àwọn yòókù ti sọ̀ kalẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ìbíwùmí, o ò gbọ́ ọ rí. Kì í ṣe funfun rẹ̀ ni mo ń wí. Bó bá ń bọ́, gbogbo ayé á dákẹ́. Ajá ò ní gbó. Ọkọ̀ á kọjá, o ò ní gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ń wá, kí n tó lọ. Bí o bá sọ pé kò ní bọ́, àwa méjì nìyẹn."

"Bàbá, àwọn ará Ilé-Àgbà ńkọ́?"

"Ó lè má pọ̀. Ó lè bọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ kó sì yọ́."

"Bàbá mi ò ní ṣe é, sà."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ìwọ, tí n ò lọ bẹ òun ní ibojì rẹ̀."

Ìbíwùmí yọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń lọ. Ní gbogbo ọ̀nà Gbọ̀ngàn ló ń bá ara rẹ̀ jà. Ó ń fẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù, ọ̀rọ̀ náà kò sì gùn.

Ìyáàfin Adétòun, Akọ̀wé Ojú-Ọ̀run, ló gbà wọ́n nínú Gbọ̀ngàn. Obìnrin tó mọ́ tónítóní ni, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan dúró níwájú Olùṣọ́ ńlá ara ògiri kó dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo: kí lẹ rí? Olúgbuyì ní òun rí òjò dídì. Bàbá Ṣódípẹ̀ ní òun rí òjò lásán, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Ó wá ku Ìbíwùmí.

"Kí n tó sọ ohun tí mo rí, mà," ló wí, "ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń fẹ́."

"Òfin ò béèrè ìyẹn."

"Bàbá mi ló béèrè rẹ̀, mà. Mo ń fẹ́ kó bọ́. Kò sí ẹni tó ń fẹ́ ẹ tó mi nínú yàrá yìí, àfi ẹnìkan. Ohun tí mo sì rí ni pé yóò bọ́."

Bàbá Ṣódípẹ̀ di ojú. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbọ́ ìbọn lórí òkè, gbì, gbì, bí ẹni ń gún iyán nínú ilé kejì. Lẹ́yìn náà, òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu òrùlé Gbọ̀ngàn. Bàbá náà kọjá lára Ìbíwùmí láì wò ó, ó jáde sínú òjò láì ní agboòrùn.

Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Bí Ìbíwùmí ṣe ń lọ sí Ilé-Àgbà, àwọn tó dúró sábẹ́ ilé ìtajà ń wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, nítorí Olùṣọ́ ti ka orúkọ àwọn mẹ́ta náà àti ohun tí oníkálukú wí. Ẹnìkan rọra sọ̀rọ̀, ó ní òun ti ra kámẹ́rà sílẹ̀. Bàbá arúgbó kan kàn pòṣé. Ó ṣe é ní kàyéfì bí àwọn tó ń fẹ́ òjò dídì ṣe pọ̀ tó ní ìlú tó kó ìbọn tì í. Òun náà ń sunkún, ṣùgbọ́n òjò ń rọ̀, kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó jẹ́ omijé.

Ìyá rẹ̀ ti gbé tíì kaná kó tó dé. Arúgbó ni Màámi, ara rẹ̀ ti gbẹ, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò gbẹ. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó fún un ní aṣọ ìnura.

"Mo ti bínú sí ẹ," ló wí. "Ìgbà tí mo mu ife tíì àkọ́kọ́ ni. Ó ti tán. Jókòó."

Wọ́n jókòó sábẹ́ òrùlé gíláàsì, òjò ń ṣàn kọjá lókè orí wọn. Màámi bẹ̀rẹ̀ ìtàn tí Ìbíwùmí ti mọ̀ látìgbà tó ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Kò dá a dúró, torí ó wù ú láti gbọ́ ọ lónìí ju ti ìgbàkigbà lọ. Ọjọ́ tí Màámi ti Ìjẹ̀bú-Igbó dé, tó jẹ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín, ẹ̀wù òtútù kan ṣoṣo ni ọkọ rẹ̀ mú wá pàdé rẹ̀, ó sì gbé e wọ̀ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n nínú ṣẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ṣílẹ̀kùn pápákọ̀ òfuurufú, òjò dídì ń bọ́. Màámi rò pé ẹnìkan ń gbọn òwú lókè ilé. Ó ní, "Ẹ wo òwú." Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ojú ọjọ́ ló kọ́, tí kì í gba àṣìṣe lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò bá a jiyàn. Ó ní kó la ẹnu kó gba òwú tirẹ̀.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí bàbá rẹ gba irọ́ láyè nìyẹn," ni Màámi wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Mo sì mọ̀ lọ́jọ́ náà pé mo ti rí ọkọ fẹ́."

Ìbíwùmí dìde kí ìyá rẹ̀ má baà rí ojú rẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn ilé, níbi tí àwọn òṣùwọ̀n méjì náà wà. Àṣà rẹ̀ ni láti kékeré, bí inú rẹ̀ bá ti bàjẹ́, á lọ wo òṣùwọ̀n bàbá rẹ̀.

Atẹ́gùn ti fẹ́ òjò wọ ibẹ̀. Aṣọ ara òṣùwọ̀n kejì ti tutù rinrin. Ìbíwùmí wo òǹkà rẹ̀, ó nu ojú, ó tún wò ó. Ó ti jábọ́ sísàlẹ̀ ibi tí omi ti ń dì. Oníhòòhò náà sì ti ń tẹ̀lé e bọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí òjò ṣe ń rọ̀.

Ó wo inú ife kékeré náà. Kò sí ẹ̀kán omi kan nínú rẹ̀, eruku ló wà nísàlẹ̀. Ọ̀sẹ̀ gbígbẹ yìí ti fà á gbẹ, òun kò sì rántí bù sí i, nítorí ìkùukùu ni òun ń wò láti àárọ̀ dalẹ́. Aṣọ gbígbẹ ló wà lára òṣùwọ̀n náà lánàá. Aláṣọ kò ju oníhòòhò lọ nígbà náà. Abájọ tí ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì fi dọ́gba. Òjò tí ìbọn fà yìí gan-an ni yóò mú afẹ́fẹ́ tutù, tí yóò sì di òjò dídì kí ilẹ̀ tó ṣú.

Màámi ti dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ife náà.

"Ta ló yẹ kó máa bomi sí i?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù," ni Màámi wí. "Ìwọ ò dà á, a ó sì tẹ̀ ẹ́ náà."

Ìbíwùmí pe Gbọ̀ngàn. Ìyáàfin Adétòun gbọ́ ọ tán, ó dúpẹ́, ó ní wọ́n ti yin ìbọn tán fún ọjọ́ náà, Olùṣọ́ sì ti kéde òjò. Ó ní ẹni tó bá sọ òmíràn fún ará ìlú mọ ohun tí Òfin Ẹnu wí. Ó wá fi kún un pé ìyá òun náà wà ní Ilé-Àgbà, ilé tó wà ní ìkòríta. Lẹ́yìn náà, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Eré ni Ìbíwùmí sá dé òkè ilé búrẹ́dì. Bàbá Ṣódípẹ̀ jókòó, ó kọjú sí ògiri, aṣọ tútù ṣì wà lára rẹ̀. Ìbíwùmí kúnlẹ̀ kí i.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé àwọn ìgbálẹ̀ yín."

Bàbá náà yíjú padà. Ó wo ojú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kò bi í ní ìdí. Ó di ògiri mú, ó dìde. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní ọ̀run ń ya bọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan, kí ó lọ pe Olúgbuyì, òun nìkan kò lè gbé gbogbo wọn.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń kó búrẹ́dì ni wọ́n fi kó wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ti kẹ̀kẹ́ náà láti ilé dé ilé nínú òjò, ìgbálẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ìkòríta ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Wọn kò sọ ohunkóhun tí òfin kọ̀. Ọkùnrin kan tó wá wo bàbá rẹ̀ gba tirẹ̀, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó béèrè pé kí ni àwọn fẹ́ fi ṣe.

"Ìgbálẹ̀ yín ni, sà," ni Ìbíwùmí wí. "Bó bá ṣe wù yín."

Ọkùnrin náà wo ọ̀run. Ó wọlé lọ, nígbà tó sì tún jáde, ó ti wọ bàtà òjò, ó gbé àkàbà léjìká.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, láìsí ariwo. Ìbíwùmí kò mọ ìgbà tí òjò dá. Ó kàn ṣàkíyèsí pé òun kò gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́. Ó gbójú sókè, ohun funfun náà sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti ibi gbogbo, ó ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ. Láàárín títì, Bàbá Ṣódípẹ̀ dúró gbọnin. Ó ṣí fìlà rẹ̀ kúrò létí. Ajá kankan kò gbó. Ọkọ̀ kan kọjá ní ìkòríta, wọn kò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá náà dúró bẹ́ẹ̀ títí òjò dídì fi bo èjìká rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé ìgbálẹ̀, ó gun òrùlé tó sún mọ́ ọn jù lọ, arúgbó bí tirẹ̀.

Ìbíwùmí gun òrùlé ìyá rẹ̀. Ohun tó ti ń dúró dè láti ìgbà tó ti dáyé ti dé sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó gbá a dànù. Ó gbá a. Bó ṣe ń gbá a ló ń dùn ún. Bí ó bá ti nu gíláàsì kan tán, òmíràn á ti funfun. Kò ráyè wo ẹwà rẹ̀. Òógùn bò ó nínú òtútù. Lórí gbogbo òrùlé àdúgbò náà, àwọn èèyàn ń gbá, ọmọ, àna, àlejò, àwọn tí kò kí ara wọn láti ọdún mélòó kan. Òjò pa ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Òrùlé kankan kò tíì sùn.

Nísàlẹ̀, Màámi ti dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń wo òkè. Gbogbo ìgbà tí ìgbálẹ̀ bá kọjá, ojú rẹ̀ á hàn kedere láti inú gíláàsì. Ó ń juwọ́. Ìbíwùmí rò pé ó ń kí òun, òun náà juwọ́ sí i. Màámi dìde, ó ṣí fèrèsé kékeré ẹ̀gbẹ́ òrùlé, ó fi oríkì pè é.

"Àjíkẹ́, fi èyí tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì mi sílẹ̀."

"Màámi, òrùlé á sùn."

"Gíláàsì kan ò lè mú un sùn. Bí ó bá ju ìdajì lọ ni. Ṣé o rò pé bàbá rẹ ò kọ́ mi ní nǹkan kan?"

Ìbíwùmí dúró. Ó wo gíláàsì náà, ó wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá yí i ká. Ó gbá ọ̀tún, ó gbá òsì, gíláàsì kan náà sì ń funfun sí i, títí kò fi rí ojú ìyá rẹ̀ mọ́, àfi ìmọ́lẹ̀ fìtílà tó ń tàn láti ìsàlẹ̀. Ilé náà ṣì móoru. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì náà láti sinmi, ó gbé ìgbálẹ̀ kalẹ̀, ó sì gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìrọ̀lẹ́. Ó la ẹnu.

Ohùn Màámi dé láti ojú fèrèsé. "Àjíkẹ́, kí lo rí?"

Ó tutù lórí ahọ́n rẹ̀, ó sì yọ́ kó tó mọ bó ṣe rí. Omijé ti bo ojú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Òwú ni, Màámi," ni Ìbíwùmí dáhùn, ó sì tún la ẹnu.